Etí Àwùjọ àti Ẹ̀rí-Ọkàn Olùsọ̀rọ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn bi ara rẹ̀ léèrè, ìbáà ṣe lórí àga ìwàásù, ìbáà ṣe nínú ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ní ìpàdé ẹgbẹ́: bí mo bá sọ òtítọ́, tí àwọn tí mo sọ ọ́ fún kò sì gbọ́ ọ, ta ni ó jẹ gbèsè? Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti fi ìdáhùn sí àpò tipẹ́tipẹ́. Wọn a ní, "Tèmi ni láti sọ, tiwọn ni láti gbọ́." Bí àwùjọ bá ń tòògbé, wọn a ní ọkàn àwùjọ ni ó yigbì. Bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò bá lè dáhùn, wọn a ní ọpọlọ àwọn ọmọ náà ni kò jí. Èrò yìí rọ olùsọ̀rọ̀ lọ́rùn púpọ̀, nítorí náà gan-an ni ó fi yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáradára kí a tó gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo akéde ìlú. Kì í ṣàdédé la ẹnu rẹ̀. Agogo ni yóò kọ́kọ́ lù. Yóò dúró ní oríta níbi tí agbo ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Yóò sì yan àkókò tí àwọn tí ó lọ sí oko ti padà dé, tí oorun kò sì tíì gbé ẹnikẹ́ni lọ. Bí ó bá ṣe pé ọ̀sán gangan ni ó ké e, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé bí kò ṣe ewúrẹ́ àti àwọn arúgbó, kò sí ọba tí yóò gbà pé ó ti ṣe ohun tí a rán an. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀ràn náà ní àríyànjiyàn: a kì í wí pé a sọ iṣẹ́ tí a rán wa, jíjẹ́ ni a ń jẹ́ ẹ, kò sì sí iṣẹ́ tí a lè wí pé a jẹ́ tí kò dé etí ẹni tí a rán wa sí.

Gbèsè mìíràn tún wà tí a kì í sáábà kà. Bí ènìyàn 300 bá jókòó gbọ́ ẹnìkan fún 40 ìṣẹ́jú, 12,000 ìṣẹ́jú ni ó gbà lọ́wọ́ wọn, èyíinì ni wákàtí 200, tí ó ju ọ̀sán mẹ́jọ àti òru mẹ́jọ lọ. Ẹni tí yóò gba ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ kò yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ òfìfo, kí ó sì wá máa bínú pé aládùúgbò náà ń yán.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn Ìjọ wa tí ó tọ́ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1821 ni a kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì gbé e lọ sí Sàró. Láti ìgbà náà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ́ni. Ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà ní Lọndọn, ní ọdún náà gan-an sì ni a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Nígbà tí ó padà dé Freetown, ní ọjọ́ 9, oṣù January, 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ará wa tí ó wà níbẹ̀, àwọn tí a ti gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú bí òun tìkára rẹ̀. Ẹ̀yin yóò rò pé ẹni tí ó ti kọ ìwé lórí èdè kan kò ní ìṣòro láti fi í wàásù. Ṣùgbọ́n Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè òun ni, ó rí lójú òun ní ọjọ́ náà bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni òun, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í fọ èdè ìyá òun. Ó ka ẹsẹ ìwé tí yóò sọ̀rọ̀ lé lórí láti inú Ìhìnrere Lúùkù, nípa Ọmọ mímọ́ tí a ó bí, àwọn ènìyàn sì dá a lóhùn pé, "Kí ó ṣẹ!"

Kí ni ó fa ìdáhùn yìí? Kì í ṣe dídùn ohùn, kì í sì í ṣe fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ó rí ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ kì í ráyè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ fún ọdún púpọ̀ bí ohun tí ó jẹ́ ti ìwé àti ti ọ̀gá ni ó wọlé tọ̀ wọ́n wá ní èdè tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n wá jẹun. A kò fi "Kí ó ṣẹ" kọ́ wọn nínú Ìwé Àdúrà. Láti ilé ni wọ́n ti gbé e wá; ohun tí a ń wí nígbà tí àgbà bá súre ni.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwọn baba wa kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu kan. Ẹni tí yóò pa àlọ́ a ké "Àlọ́ o!" kò sì ní tẹ̀ síwájú títí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn "Àlọ̀!" Ọ̀dọ́ tí ó bá pa òwe lójú àgbà a tọrọ gáfárà, àwọn àgbà a sì dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Nípa èyí ni olùsọ̀rọ̀ fi ń mọ̀, láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, bóyá ọ̀rọ̀ òun ń wọlé tàbí ó ń bọ́ sílẹ̀. Àṣà ìsìn tí a jogún láti ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa láti dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà ìwàásù, èmi kò sì sọ̀rọ̀ òdì sí i, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀ ó mú ohun èlò kan kúrò lọ́wọ́ oníwàásù. Ìdákẹ́ ẹni tí ń ronú àti ìdákẹ́ ẹni tí ń ka iye gíláàsì tí ó wà lójú fèrèsé, bákan náà ni wọ́n rí láti orí àga ìwàásù. Ẹni tí kò bá lè fi etí gbọ́ ìdáhùn, ojú ni kí ó fi wò ó. Ẹni tí ó sì tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti di ojú náà pẹ̀lú. (Àwọn kan ń fi igbe "Hàlẹ̀lúyà" wádìí bóyá àwùjọ ṣì wà lójúfò. Ó ń jí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíjí ti ara ni. Ẹni tí a fi igbe jí a tún máa sùn kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e.)

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti èdè wa gan-an, tí àwọn ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ òkèèrè lórí ọ̀rọ̀ sísọ kò lè kọ́ wa. Ohùn ni a fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ni ó sọ ọ̀kan di baálé obìnrin, tí ó sọ èkejì di irin iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó sọ ẹ̀kẹta di ohun ìrìn-àjò, tí ó sì sọ ẹ̀kẹrin di ohun ìjà. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ojú àwọn ọ̀rọ̀ kan rí nínú orin tí a túmọ̀. Nínú ilé ìsìn ńlá tí ògiri rẹ̀ ń dá ohùn padà, ìró ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní kò tíì lọ tán tí ti èkejì fi dé. Ẹni tí ó bá ń sáré sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń da omi sórí omi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò wo àrùn yìí. Ó ń mú kí ohùn tóbi, kò lè mú kí ó yéni. Kí a rọra sọ ọ́, kí a dánu dúró níbi tí gbólóhùn bá parí sí, kí a má sì jẹ́ kí ìparí gbólóhùn kú mọ́ wa lẹ́nu, nítorí níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń gbé kókó ọ̀rọ̀ sí.

A máa ń wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà nínú rẹ̀ tí a kò sọ síta: ẹni tí a fún ní àbọ̀ gbọ́dọ̀ ní àbọ̀ kejì nílé. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì sọ̀rọ̀ nínú sínágọ́gù ní Áńtíókù ti Písídíà, láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ní Íjíbítì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ Dáfídì wá, nítorí ìtàn náà wà nílé àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ní Áténì, kò dárúkọ Mósè rárá. Pẹpẹ tí ó rí ní ìgboro wọn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ láti ẹnu àwọn akéwì wọn. Lónìí, nínú ìjọ kan ṣoṣo, a ó rí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ṣùgbọ́n tí ó mọ òwe ju oníwàásù lọ, a ó sì rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ti jáde ní yunifásítì, tí òwe kan kò sì yé. Bí a bá pa òwe láìtúmọ̀, a ti fi ọmọ sílẹ̀. Bí a bá kó Gẹ̀ẹ́sì kún ọ̀rọ̀, a ti fi ìyá àgbà sílẹ̀. Èmi kò rí ọ̀nà mìíràn ju pé kí a sọ ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní aṣọ méjì. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi àkókò náà sọ ohun méjì tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Títí dé ìhín, ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan ni a ń sọ. Ibi tí ó ti di ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ni èyí: bí olùsọ̀rọ̀ bá ti mọ bí a ti í ṣí etí àwùjọ, kí ni yóò dà sínú rẹ̀? Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kò fi ojú kékeré wo ewu ọ̀rọ̀ dídùn. Nínú ìwé Plato tí a ń pè ní Gorgias, Socrates fi iṣẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wé iṣẹ́ alásè. Alásè mọ ohun tí ó dùn lẹ́nu, oníṣègùn mọ ohun tí ó dára fún ara. Bí a bá sì ní kí àwọn ọmọdé ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì, ebi ni yóò pa oníṣègùn kú. Aristotle, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Plato, kò fara mọ́ ọn tán. Ó ní agbára ọ̀rọ̀ dàbí okun, ìlera àti ọrọ̀, ohun rere tí ọwọ́ búburú lè lò fún ibi. Mo gbà pẹ̀lú Aristotle. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ olùsọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń yìn, alásè ni mo kọ́kọ́ ń rántí.

Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì gbé àwòrán méjì kalẹ̀ fún wa. Ti Hẹ́rọ́dù ni èkínní. Ó wọ aṣọ ìgúnwà, ó jókòó lórí ìtẹ́, ó ń bá àwọn ará Tírè àti Sídónì sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kígbe pé ohùn ọlọ́run ni. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé àwùjọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n Ìwé ti sọ ṣáájú pé láti ilẹ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń wá, nítorí náà igbe wọn ní ìdí.

Àwòrán kejì ni ti Pọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn èrò ti ń lù ú kí àwọn ọmọ-ogun Róòmù tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó juwọ́ sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní èdè Hébérù. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́ èdè náà, wọ́n túbọ̀ dákẹ́. Ó pè wọ́n ní ará àti baba. Ó sọ ìlú tí a gbé bí i, ó dárúkọ Gàmálíẹ́lì olùkọ́ rẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn bu ọlá fún. Ó ní òun pẹ̀lú ti ní ìtara bí tiwọn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí etí wọn ni ó sì ṣe yàn án. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi dé ibi ọ̀rọ̀ kan, pé a rán òun sí àwọn Kèfèrí. Ó lè fò ó. Ó mọ irú àwọn tí ń bẹ níwájú rẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni òun náà ti jẹ́ rí. Ó sọ ọ́, wọ́n sì kígbe pé kò yẹ láti wà láàyè, wọ́n ju aṣọ, wọ́n sì da ekuru sí ojú sánmà. Ohun tí èdè Hébérù kó jọ, gbólóhùn kan tú u ká.

Lójú tèmi, ibi tí ààlà wà ni èyí. Ohun tí a fi ń ṣí etí wà lọ́wọ́ wa láti yàn: èdè, àpẹẹrẹ, ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí a ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣí i kò sí lọ́wọ́ wa láti pààrọ̀. Ẹni tí ó gbé e mì kí àwùjọ má baà bínú dàbí ọlọ́jà tí ó pe oníbàárà wọlé, tí ó bu omi fún un, tí ó bá a ṣàwàdà títí, tí kò sì fi ọjà hàn án. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé gbogbo òtítọ́ ni kí a wá máa sọ lójú gbogbo ènìyàn? Rárá o. Èyí tí ó jẹ́ ti yàrá ń bẹ, èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n kí olùsọ̀rọ̀ bi ara rẹ̀ pé, nítorí ta ni mo ṣe fi í sílẹ̀? Bí ó bá ṣe nítorí olùgbọ́ tí kò tíì lè gbé e, sùúrù ni. Bí ó bá ṣe nítorí oúnjẹ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, ó ti di alásè.

Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, mọ ọ̀ràn yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí kí ó tó gba ìrìbọmi, kíkọ́ni ní ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni ó fi ń jẹun ní Carthage, ní Róòmù àti ní Milan. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun ń lọ gbọ́ Ambrose ní Milan, bí ọkùnrin náà ti ń sọ ọ́ ni òun lọ wò, kì í ṣe ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí dídùn ọ̀rọ̀ ti ń wọlé, ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ń bá a wọlé. Ní 418 ó wà ní Caesarea ti Mauretania, ìlú tí a ń pè ní Cherchell ní Àlùjíríà lónìí. Àwọn ará ìlú náà ní àṣà kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn: ní àkókò kan lọ́dọọdún wọn a pín sí ọ̀nà méjì, wọn a sì máa sọ òkúta lu ara wọn fún ọjọ́ bí mélòó kan, ọmọ sí baba, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, títí dé ojú ikú. Augustine dìde, ó fi gbogbo agbára ọ̀rọ̀ tí ó ní bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, òun kò rò pé òun tíì ṣe ohunkóhun. Àtẹ́wọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yé wọn, ó sì dùn mọ́ wọn nínú. Ìgbà tí òun rí omi lójú wọn ni òun tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti borí àṣà. Nígbà tí ó ń kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì tún ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ràn omijé wọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọdún mẹ́jọ náà jù ú lọ. Omijé kò ṣòro láti fà. Ẹni tí ó ní ohùn kíkẹ́, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a rẹ ohùn sílẹ̀, lè fà á ní òwúrọ̀, kí ó tún fà á ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì gba ọrẹ láàárín méjèèjì.

Ọ̀nà kan tí a fi ń fà á wọ́pọ̀ láàárín wa, a kì í sì í kà á sí irọ́. Oníwàásù kan ka ìtàn nínú ìwé, tàbí ó hun ún fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ojú òun ni ó ṣe: arákùnrin kan wá bá òun ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, òun bá a gbàdúrà, báyìí báyìí sì ṣẹlẹ̀. Bí a bá bi í, yóò ní ohun rere ni òun fẹ́ fi fà wọ́n sí. Èmi kò lè gba àwáwí yìí. Ní kóòtù, bí agbẹjọ́rò kan bá parọ́, èkejì wà níbẹ̀ tí yóò já a. Ní ọjà, ẹni tí ń rà lè ná ọjà, ó sì lè fi í sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìsìn àti nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí yóò dìde wí pé irọ́ ni. Ọ̀wọ̀ ti di gbogbo ẹnu. Ẹni tí a ti dè ní ọwọ́ kò ṣeé bá jìjàkadì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá ìtàn lè dá a, àlọ́ wà fún èyí. Olúwa wa fi òwe kọ́ni, ẹni tí ó gbọ́ ti Afúnrúgbìn kò sì lọ máa wá oko àgbẹ̀ náà kiri. Kí ó ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlọ́ ni.

Aristotle ní ìgbàgbọ́ tí àwùjọ ní nínú olùsọ̀rọ̀ yẹ kí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó hàn gbangba pé kò ṣe olùkọ́ ìjọ ní ìlú kékeré rí. Níbẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tí ó jẹ onígaàrí kí ó tó gun àga ìwàásù, wọ́n sì ti mọ bí ó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo ti di ẹrù náà lé olùsọ̀rọ̀ lórí púpọ̀, kí olùgbọ́ má sì tìtorí èyí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó pẹ́ dé, tí ó jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí ó ń wo fóònù, kò ní ẹjọ́ láti bá oníwàásù rò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá tí àárẹ̀ sì borí rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ní Tíróásì, Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru nínú yàrá òkè tí fìtílà pọ̀ sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Yútíkù sì sùn lójú fèrèsé, ó sì ṣubú láti àjà kẹta. Pọ́ọ̀lù kò fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó kù. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí wọ́n má ṣe dààmú, ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà gòkè, ó bu àkàrà, ó jẹun, ó sì tún bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.